Omi Ṣáájú Orúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àlejò Tí Ó Dá Rìn

    

Nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa ní kí n wá sọ ìròyìn ìrìn àjò mi sí Kétu àti Ṣábẹ, mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí. Ẹ ń retí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ ń retí kí n sọ bí ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà ti rí, àti irú ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn olórìṣà ọ̀hún ń fi sọ́rùn. Mo rí nǹkan wọ̀nyẹn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó gba ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti dé. Ohun tí ó gbà á ni ẹní kan, igbá omi kan, àti àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ mí rí tí wọ́n ṣe mí ní oore. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo gbà pé ara Ìṣẹ̀ṣe ni, mo sì gbà pé a ti ń fò ó dá nínú ohun tí à ń sọ pé a fẹ́ jí dìde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi lọ. Ìyá tí ó bí ìyá ìyá mi, ọmọ Kétu ni. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ogun Dàhòmì, ní ayé ọba Glèlè, fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Ẹni tí ogun kò pa, wọ́n kó o lẹ́rú. Ẹni tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sá. Tiwa sá gba inú igbó, ó sì dé Abẹ́òkúta. Wọ́n ní òun nìkan ni ó dé nínú àwọn tí wọ́n jọ sá. Kò rántí orúkọ agbo ilé rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wa kò ju oríkì péńpé kan àti èèwọ̀ kan lọ, pé a kì í jẹ ẹran àgbọ̀nrín. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó pé ọmọbìnrin kékeré kò lè dá rin láti Kétu dé Abẹ́òkúta kí ẹnikẹ́ni má fún un lómi. Ẹnì kan ni yóò ti gbà á sílé. Ẹnì kan ni yóò ti fi ọ̀nà hàn án. Bóyá ènìyàn mẹ́ta ni, bóyá mẹ́wàá ni. Ìdílé wa kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn títí di òní, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa, ọmọ, ọmọ ọmọ, ara wọn ni a ti ṣẹ̀.

Ẹni tí àwa méjèèjì jọ fẹ́ lọ ṣàìsàn nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi ní kí n sún ìrìn náà síwájú. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo mọ̀ pé ìrìn tí àgbà bá ń sún síwájú, ibojì ni ó máa ń sún un dé. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ Ọbàtálá sọ́rùn, mo gbé àpò kan, mo lọ.

Láti Abẹ́òkúta mo wọ ọkọ̀ dé Ìmẹ̀kọ, láti Ìmẹ̀kọ mo gun ọ̀kadà dé Ìlárá. Ẹni tí ó bá mọ Ìlárá mọ̀ pé ààlà gba àárín àwọn ènìyàn kan náà kọjá níbẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí ó pín ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Kétu bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan; Ìmẹ̀kọ, tí ó ti wà lábẹ́ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ àwọn kejì. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé ibẹ̀, òjò sì ti ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n dà á. Kò sí ọkọ̀, kò sí ọ̀kadà tí ó fẹ́ kọjá sí òdìkejì. Mo dúró sábẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà. Ó fi ìborí bo orí dé èjìká gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi, ó wo aṣọ mi tí ẹrẹ̀ ti ta sí, ó ní:

“Ẹ kú òjò o, Ìyá. Ọkọ̀ kò sí mọ́ lónìí.”

Mo béèrè bóyá ilé ìtura wà nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín. “Ilé ìtura wo? Ẹ gbé àpò yín wá.”

Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, ó bu omi, ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú mi, kí ó tó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Onílé ń sọ fún àlejò pé bí ikú bá wà nínú omi yìí, èmi ni yóò kọ́kọ́ pa. Mo ti tó ogún ọdún tí mo ti rí i kẹ́yìn. Lẹ́yìn tí mo mu omi tán ni ó tó béèrè orúkọ mi, kò sì béèrè ìjọ mi rárá. Ohun tí ó béèrè tẹ̀lé e ni: “Ìyá, kí ni èèwọ̀ yín, kí n tó gbé ìkòkò kaná?”

Mo sọ fún un pé ti Òrìṣà mi ni ẹmu, ti ìdílé mi ni àgbọ̀nrín. Ó ní ẹmu kò sí nílé òun, ẹ̀sìn tòun náà kò gbà á. Àgbọ̀nrín ńkọ́, àfi bí òun bá máa lọ jí i gbé lọ́wọ́ ọdẹ. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ nígbà tí ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ tọrọ ẹja lọ́wọ́ ará ilé kejì, tí ó ní òun yóò san án lọ́jọ́ ọjà. Àwọn bàbá wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Gbèsè ẹja yẹn, èmi ni wọ́n jẹ ẹ́ lé lórí.

Nígbà tí àkùkọ kọ, ó dìde láti kírun. Ó rí i pé mo ti lajú. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ má bàa jí: “Ìyá, omi tí ẹ ó fi kí Òrìṣà yín wà nínú igbá tí mo fi àwo bò yẹn. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Mo pọn ọ́n kí n tó bu tèmi fún àlùwàlá.” Mo bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Ó ní ìyá bàbá òun ṣe Òrìṣà títí tí ó fi kú, òun ni òun sì máa ń pọn omi fún un nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí ìhà kan, mo kúnlẹ̀ sí ìhà kejì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún ẹnì kejì pé kí ó rọra.

Owó tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ẹní fún un, ó rán ọmọ lé mi bá ní ibi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà.

Ní Kétu, ọmọkùnrin kan tí ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé èrò, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémíjàn lọ́hùn-ún, ni mo bá pàdé. Rósárì àwọn Àgùdà ń mì lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ibi tí mo ń lọ fún un, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹ̀fẹ̀ létí rẹ̀: agbo ilé tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í jẹ àgbọ̀nrín. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ gòkè. A ó máa béèrè.” Àgbo ilé mẹ́fà ni a dé. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, òun ni ó ń kọ́kọ́ bọ́ bàtà, òun ni ó ń dọ̀bálẹ̀, òun ni ó ń sọ pé àlejò láti Abẹ́òkúta ni, pé ọmọ Kétu ni, pé ogun ni ó gbé wọn lọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìdílé tirẹ̀ ni ó sọnù. Nígbà tí oòrùn wọ̀, sẹ́fà tí a jọ dá ní àárọ̀ fún ìrìn àkọ́kọ́ ni ó gbà. Mo fi kún un. Ó dá a padà. Mo tún fi kún un; ó ní kí n fi ra obì fún àwọn tí mo wá bá.

Ṣé mo rí agbo ilé náà? N kò lè búra. Ní ilé karùn-ún, bàbá arúgbó kan gbọ́ oríkì mi, ó ní òun mọ ìlà kan nínú rẹ̀, òun kò mọ ìyókù. Èèwọ̀ àgbọ̀nrín, ó ní ilé méjì ni ó ní in. Ó ní kí n sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta ná. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ó pa ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Kétu dó fún mi. Ó ní nígbà tí àwọn baba ńlá wọn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gígùn, ilẹ̀ ti ṣú, wọn kò ní iná. Obìnrin àgbà kan tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn ni wọ́n bá nítòsí, òun ni ó fún wọn níná. Ó ní ìdí nìyẹn tí iná fi ṣe pàtàkì títí di òní nígbà tí Aláketu tuntun bá ń gorí oyè. Ó wá wò mí, ó ní: “Bí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wa bá fún wa níná, kí ni kí a wá máa bi ìwọ sí?”

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ìlú tí ó ní ọba àti adé, tí ó ní odi àti ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń wá wò, kò fi ìtìjú bo ọjọ́ tí òun náà jẹ́ àlejò tí ń tọrọ iná. Wọ́n fi ọjọ́ náà sínú orò ọba wọn ni.

Nípa Ṣábẹ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìlú àpáta ni, ojú kò lè sú u. Ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti jí àpamọ́wọ́ mi, àwọn obìnrin Fọn mẹ́rin tí a jọ wà nínú ọkọ̀ sì dá owó ọkọ̀ jọ fún mi. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè ẹnì kejì nínú wa. Ọ̀kan nínú wọn kàn ká ọwọ́ mi pọ̀ lé owó náà, ó sì kọjú sí fèrèsé kí n má bàa rí ọ̀nà dúpẹ́.

Mo ti ń sọ oore bọ̀ láti ìṣáájú. Èyí tí mo fẹ́ sọ wàyí kò dùn.

Nígbà tí mo padà sí ìhà ìhín ààlà, ọkọ̀ wa bàjẹ́ ní ìlú ńlá kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo rántí pé ilé Òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ káàkiri, tí àsíá rẹ̀ tóbi, tí wọ́n ń fi ọdún rẹ̀ hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn. Mo ní mo ti délé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó tẹ̀ mí. Ìkejì, inú ẹgbẹ́ wo ni mo wà. Ìkẹta, oyè wo ni mo jẹ. Ó wọlé lọ bi àwọn àgbà. Nígbà tí ó padà, ó ní bí mo bá fẹ́ rí wọn, iye báyìí ni owó ìríni, bí mo bá sì fẹ́ sùn, kí n pe ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ kí ó wá jẹ́rìí mi. Mo jókòó sórí òkúta níta. Láàárín gbogbo èyí, ẹnikẹ́ni kò bu omi fún mi. Ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn ni ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ fún mi, ó ra omi nínú ọ̀rá wá, ó sì dúró tì mí títí tí wọ́n fi tún ọkọ̀ ṣe.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Láti Abẹ́òkúta dé Ṣábẹ, láàárín Mùsùlùmí, láàárín Àgùdà, láàárín àwọn tí n kò gbọ́ èdè wọn, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi mí sílẹ̀ níta ni ilé tí wọ́n ti ń bọ Òrìṣà tí mo ń bọ. Ẹ má ṣe bínú sí mi. Bí n kò bá sọ ọ́ níbí, ibo ni n ó ti sọ ọ́?

Ohun tí ó sì mú kí ó dùn mí jù ni pé Òrìṣà tí wọ́n gbé ère rẹ̀ sí ìloro wọn, òun gan-an ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a jọ rántí ìtàn náà, kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọbàtálá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kí ó má lọ. Ó ní òun yóò lọ. Ifá ní bí yóò bá lọ, kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta dání, àti ọṣẹ, àti òrí, kí ó má sì ráhùn lójú ọ̀nà. Òun nìkan ni ó rìn. Lójú ọ̀nà ni Èṣù ti jókòó ti ẹrù, tí ó ní kí Bàbá bá òun gbé e rù. Bàbá bá a gbé e. Èṣù da epo sí i lára. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, aṣọ tán. Nígbà tí ó sún mọ́ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó ti sọnù, ó mú un kí ó lè dá a padà fún olówó rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba yọ sí i. Wọ́n rí arúgbó tí ó dọ̀tí, tí ó dá wà, tí ó di ẹṣin ọba mú. Wọ́n pè é ní olè. Wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì lo ọdún méje níbẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin kò bímọ mọ́. Oko kò so mọ́. Ìgbà tí Ṣàngó tó dá Ifá ni wọ́n tó gbọ́ pé aláìṣẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n.

A máa ń pa ìtàn yìí láti fi kọ́ni ní sùúrù Ọbàtálá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí i wò láti ẹ̀gbẹ́ àwọn ará Ọ̀yọ́. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Wọn kò mọ̀ pé Òrìṣà ni. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi àìmọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọ́n ti rí ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé, “Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ mu omi. Níbo ni ẹ ti rí ẹṣin yìí?” Ìbéèrè kan ni ì bá gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀dá ọdún méje. Ẹ sì kíyè sí i pé òun tí wọ́n ṣe ní ibi yẹn, òun ni ó ti ń bá ẹni tí kò mọ̀ gbé ẹrù láti òwúrọ̀.

Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brasil, àwọn ọmọ wa kò gbàgbé. Nínú àwọn ilé Candomblé tí wọ́n ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Ketu, irú bí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí Eugênia Ana dos Santos dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, wọ́n ń ṣe orò kan tí wọ́n ń pè ní Águas de Oxalá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú aṣọ funfun, ní ìdákẹ́jẹ́, wọn yóò to ìlà lọ pọn omi wá fún Bàbá. Omi tí Ọ̀yọ́ kò fún un lọ́jọ́ tí ó dé ni wọ́n ń pọn fún un lọ́dọọdún, báyìí ni èmi ṣe ń gbọ́ ọ yé. Àwọn tí ó sì ń pọn ọ́n, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n dé etíkun ọ̀hún láìní ọ̀rẹ́, láìní ẹbí ni, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè pé ọmọ ta ni wọ́n.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn. Ayé ti bàjẹ́, Ìyá. Ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ẹ bá gbà sílé lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóru. Òtítọ́ ni. N kò ní kí opó kan tí ó ń dá gbé ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó ń kànkùn ní òru ọ̀gànjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má ṣe rò pé ayé àwọn baba wa kò léwu. Ayé ogun ni. Ayé tí wọ́n ń jí ènìyàn tà ni. Inú ayé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń gba àlejò, nítorí pé wọ́n ní ètò fún un. Oníbodè wà lẹ́nu odi tí ó mọ ẹni tí ó wọlé. Àlejò kò kàn ń sùn síbi tí ó bá wù ú. Wọn yóò mú un dé ọ̀dọ̀ baálé, baálé yóò mọ ojú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbà á ni yóò dáhùn fún un bí ó bá hùwàkiwà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń sùn, kì í ṣe ìyẹ̀wù. Àlejò náà sì ní òfin tirẹ̀: ó lójú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi rí gbogbo nǹkan. Àwọn àgbà mi sọ fún mi pé ẹni tí ebi bá pa lójú ọ̀nà lè wa iṣu sun jẹ nínú oko olóko, kò kàn gbọdọ̀ gbé e lọ ni. Ẹ rí i bí òfin náà ti mọ́ níwọ̀n: ó fún ebi ní tirẹ̀, ó sì dá olè dúró.

Obìnrin Ìlárá yẹn kò ṣe é láìronú. Ó ti fi mí han ará ilé kejì kí a tó wọlé, ọmọ tí ó lọ tọrọ ẹja sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àlejò wà. Bí mo bá jẹ́ ẹni ibi, ojú mẹ́wàá ni ì bá ti mọ̀ mí. Èyí yàtọ̀ gédégédé sí ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní ilé Òrìṣà yẹn. Wọn kò ń wá ààbò. Ipò ni wọ́n ń wá. Ìbéèrè nípa ẹni tí ó tẹ̀ mí kò lè fi olè hàn. Olè pàápàá lè dárúkọ Olúwo.

Ọ̀rọ̀ míràn tí mo mọ̀ pé kò ní rọrùn láti gbọ́: nínú ìpàdé wa, ó rọrùn fún wa láti kó gbogbo Mùsùlùmí àti gbogbo Kírísítẹ́nì pọ̀ ní ọ̀tá. N kò ní kí a gbàgbé àwọn ojúbọ tí wọ́n fọ́ àti àwọn igbó tí wọ́n gé. N kò ní kí a dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pè wá ní abọ̀rìṣà bí ẹni ń bú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pọn omi Òrìṣà fún mi kí ó tó pọn omi àlùwàlá tirẹ̀, n kò ní jókòó kí a pe òun náà ní ọ̀tá lójú mi. Ohun tí ìyá bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ ju bí ó ti wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà yẹn lọ, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà mo ti bá àwọn olóyè kan sọ ọ́, wọ́n sì ní kí n gbé e síwájú yín. Ilé mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ti gbà láti gbé àmù omi sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì fi ẹnì kan sídìí àlejò ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ẹni náà yóò fún àlejò ní ìjókòó àti omi kí ó tó bi í ní ohunkóhun. Lẹ́yìn omi ni yóò béèrè orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ti wá, àti èèwọ̀ rẹ̀, yóò sì mú un dé ọ̀dọ̀ olórí ilé. Kò ní béèrè ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ilé méjì nínú mẹ́ta náà ní yàrá níta tí ènìyàn lè sùn sí, wọ́n sì ti sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin àgbà Orò ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i, nítorí kì í ṣe ti èmi obìnrin láti dá sí. Ní ìlú tí Orò bá ti ń jáde, obìnrin tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò mọ̀. Ọkọ̀ lè já a sílẹ̀ ní gáréèjì nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn ti dè. Obìnrin ìlú ti gbọ́ ìkéde, ó ti wọlé. Àlejò kò gbọ́ nǹkan kan. N kò ní kí Orò má jáde. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n máa kéde rẹ̀ ní gáréèjì ìlú náà àti ní gáréèjì àwọn ìlú tí ó yí i ká, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sì ya ilé kan sọ́tọ̀ nítòsí gáréèjì, tí ìyá àgbà kan yóò wà nínú rẹ̀, tí obìnrin tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lè wọ̀ kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo ti bá àwọn awakọ̀ méjì sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa kéde bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọjọ́ náà fún àwọn. Èsì yín ni a ń retí ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá sì ní ẹní tí kò lò, tàbí àmù tí kò là, kí ó wá rí mi nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn bí a bá ti jáde.